Ehoro Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Bàbá Ọkọ Mi

Orúkọ mi ni Edwige. Ahoyéyé, lábẹ́ Pobè, ni wọ́n bí mi sí, Sakété ni mo sì ti wà nílé ọkọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ẹ sọ pé mo ń ṣiṣẹ́ ní labo, ilé ìwádìí àwọn onísáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa ń sọ nígbà tí mo bá lọ kí àwọn ará Ahoyéyé, n ó sì tún máa wo aago bí ẹni tí ìjọba ń dúró dè. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ehoro ni mo ń sìn. Mo ń gbá ìgbẹ́ wọn, mo ń gé koríko wá fún wọn, mo sì ń gba ẹ̀jẹ̀ létí wọn nígbà tí àwọn tó kàwé bá ní kí n gbà á.

Èmi náà ka ìwé díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó ṣe BEPC, ìdánwò ìwé kẹrin kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni n kò rí orúkọ mi lára ògiri tí wọ́n lẹ èsì mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ka orúkọ gbogbo àwọn tó yege láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ padà lọ sókè, bóyá orúkọ mi ti sọnù lójú ọ̀nà. Olùkọ́ kan ní kí n máa lọ sílé, pé ògiri náà kò ní yí ọkàn padà. Nígbà tí mo fi máa délé ọkọ, gbogbo wọn ló ti gbọ́ ìtàn ògiri yìí. Bàbá ọkọ mi nìkan ni kò fi mí ṣẹ̀sín. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé pákó tí kò ṣeé fi ṣe ilẹ̀kùn lè ṣeé fi ṣe àga. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn wọn gidigidi. Àga náà ni mo jẹ́, mo gbà.

Àríyọ̀ ni orúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kì í pe ti ìyá ọkọ, kì í sì í pe ti ọmọ kankan tó bá nílé náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Òun ni yóò wá orúkọ ẹ̀yẹ tí yóò máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń jẹ́ Grâce, ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, òun ló ń pè mí ní ìyàwó, èmi ni mo ń pè é ní Eyínafẹ́. Mo fún un ní orúkọ yìí nítorí àlàfo tó wà láàrin eyín iwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń gba àlàfo náà jáde kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ afẹ́. Bàbá ọkọ mi ní tiwọn, Bàbá ni mo ń pè wọ́n, mo fi mọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ wọn tí ẹ ń rí níbí yìí, bíìkì ni mo fi ń kọ ọ́, ẹnu mi kò sí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Dókítà Sabine, ọmọ Àjàṣẹ́, ṣí labo kékeré kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Yoko. Ó ń wá ẹni tó mọ ìtọ́jú ehoro. Èmi ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé nígbà náà, mo ń tà wọ́n fún àwọn ọlọ́tí, Zacharie ọkọ mi kò sì fẹ́ kí n lọ ṣiṣẹ́ lóde. Bàbá ló pè é, tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, tó fi gbà. Ọdún méjì ni mo fi ju Dókítà lọ, ṣùgbọ́n òun ló ni kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀wù funfun gbọọrọ kan lé mi lọ́wọ́. Ìjọ tí à ń lọ nílé ọkọ mi, aláṣọ funfun ni wá, ẹni tó bá sì ti wọ ẹ̀wù náà kì í wọ bàtà. Mo wọ ẹ̀wù, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo sì rọra wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ foríbalẹ̀. Dókítà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìgò tó fọ́ sílẹ̀ lánàá. Ó rọra ní kí n lọ wọ bàtà mi. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọkàn mi tó balẹ̀ pé Ọlọ́run kò kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Aurèle ló kó mi sínú ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ ilé-ìwé gíga ni, òun àti Dókítà ló jọ wá láti Àjàṣẹ́, ó ń ṣe iṣẹ́ tí yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí tó ga jù lọ. Ó jókòó sórí àpò oúnjẹ ehoro lọ́jọ́ kan, ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní kòkòrò ibà tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ wa máa ń kọ ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀, iṣẹ́ tí yóò jẹ́ nígbà tó bá dé inú ẹ̀fọn. ARN ni wọ́n ń pe ìwé iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kò gbọdọ̀ kà á kó tó débẹ̀, nítorí náà ó ní purotéènì kan tó di ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ̀fọn bá ti mu ẹ̀jẹ̀ náà, ọwọ́ á là, kòkòrò á jẹ́ iṣẹ́ náà, ibà á sì rí ọ̀nà gbà lọ sára ẹlòmíràn. Aurèle fẹ́ mọ àwọn iṣẹ́ tó wà nínú ọwọ́ yẹn gan-an.

Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe mú ohun tí ojú kò rí. Ó ní ibẹ̀ ni ehoro ti wọ̀ ọ́. A ó gún ehoro lábẹ́rẹ́ tí ègé purotéènì náà wà nínú rẹ̀. Ara ehoro á mọ̀ pé àlejò ni, á sì dá ọmọ-ogun sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ-ogun tó jẹ́ pé àlejò kan ṣoṣo yẹn ló mọ̀. Ańtíkọ̀ ni wọ́n ń pè é ní labo. A ó gba ẹ̀jẹ̀ ehoro, a ó yọ omi tó léfòó lójú rẹ̀, a ó dà á sórí òkú kòkòrò ibà tí wọ́n bá lọ̀ kúnná. Ańtíkọ̀ á wá purotéènì náà rí láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á dì í mú, a ó sì fà á jáde tòun tìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó yé mi. Ó tó oṣù méjì kó tó yé mi.

Ehoro funfun méjì la rà wá láti Yoko, wọ́n jọra wọn débi pé ìyá wọn pàápàá á ṣì wọ́n mú. Bàbá ọkọ mi ló kan ilé tí wọ́n á máa gbé, Grâce ló bá wa ru ú wá. Inú Aurèle dùn sí àwọn méjèèjì. Láti fi ìmoore hàn, ó mú káàdì méjì, ó kọ Àríyọ̀ sí ọ̀kan, ó kọ Grâce sí èkejì, ó so wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ehoro. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Aurèle kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, Grâce ní òun ló yẹ kó ni ilé tó tóbi jù, èmi dúró bí igi.

Ẹ óò rí i, labo ní òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ gún ehoro lábẹ́rẹ́ tàbí kó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ pe orúkọ tó wà lára káàdì sókè, kí ẹnì kejì sì tún un pè bó ti ń kọ ọ́ sínú kayé, ìwé àkọsílẹ̀ labo, kí a má baà ṣì wọ́n mú. Èmi á pe Bàbá, Aurèle á tún un pè pé Àríyọ̀. Èmi á pe Eyínafẹ́, Aurèle á ní Grâce. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó mọ́ ọn lára, òun ló sì ń kọ ìwé, nítorí náà kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni nǹkan ti bàjẹ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń kí ehoro náà. N kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo rí káàdì, orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Bí mo bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ létí rẹ̀, n ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí etí yín síbí. Mo ń fi ẹ̀yin bá ehoro sọ̀rọ̀. Ewé tó bá rọ̀ jù lọ, ọ̀dọ̀ Bàbá ló ń kọ́kọ́ dé. Ní ti èkejì, mo ń ju koríko sí i, ó sì bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ni orúkọ náà ló rán an.

Kí a tó gún wọn lábẹ́rẹ́ rárá, a ti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn pamọ́, kí a lè rí bí ẹ̀jẹ̀ wọn ti rí kó tó mọ àlejò. Lẹ́yìn náà la gún wọn, tí a tún wọn gún, a sì ń gba ẹ̀jẹ̀ létí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní oṣù kẹta, Aurèle pè mí wọlé wá wo èsì. Ó na ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sójú iná. Lápá ibi tí ó ti lo ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ìlà dúdú kan ṣoṣo ló wà, ní ibi tí purotéènì náà yẹ kó wà gan-an, kò sí òmíràn. Lápá ti Eyínafẹ́, ìlà wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà láàrin. Ọmọ-ogun rẹ̀ ń mú gbogbo ẹni tó bá rí. A ní kó dárúkọ olè kan, ó ń ka orúkọ gbogbo àdúgbò. N kò lè sọ fún Aurèle pé kò yà mí lẹ́nu.

Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Aurèle fi ẹ̀jẹ̀ Bàbá fa purotéènì náà jáde, ó rí ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ó fi èsì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kan lókè òkun. Ọ̀gá náà ní ó dára, ṣùgbọ́n kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta sí i kí òun tó gbà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí à ń gbà létí kò ní tó ìyẹn. Dókítà wá pinnu pé kí a fún ehoro náà ní abẹ́rẹ́ oorun, kí a gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò mọ nǹkan kan, kó sì sùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é níbi gbogbo, ó ti kọ́ mi dáadáa, ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ògiri pé: Ọjọ́ Ẹtì, Àríyọ̀, òpin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni ibà dá Bàbá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Ní Ọjọ́rú wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé omi ẹ̀kọ lọ bá wọn, wọ́n wò mí, wọ́n pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti kú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí n kò mọ irú rẹ̀ rí. Mo padà sí labo, mo wo ògiri. Àríyọ̀, òpin. Òwúrọ̀ ọ̀la ni, ọwọ́ mi ló sì wà.

Mo mọ̀ pé ehoro ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí Zacharie ti bi mí ní ìbéèrè yìí tó ìgbà ogún: mo mọ̀ pé ehoro ni. Mo mọ ìgbẹ́ rẹ̀, mo mọ eyín rẹ̀, èmi ni mo ń gé èékánná rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Dókítà ti lọ sí Kútọnu, Aurèle kò ní dé títí di ọ̀sán, èmi nìkan ni mo dúró síwájú ilé ehoro méjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun lọ́wọ́. Mo ṣí ti Bàbá. Mo kí wọn. Wọ́n gbé etí sókè, wọ́n ń jẹ ewé. Mo ronú kan ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, tí kò mọ̀ mí mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn náà padà.

Mo wá tú káàdì méjèèjì, mo sì fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Mo gbé ehoro tó ń jẹ́ Grâce jáde, mo gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, mo gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Nígbà tó di pé kí n pe orúkọ kí ẹnì kejì kọ ọ́, èmi ni mo bi ara mi, èmi ni mo dá ara mi lóhùn, èmi kan náà ni mo kọ ọ́ sínú kayé pé Àríyọ̀, a ti parí. Èrò mi ni pé bí ara Bàbá bá yá, n ó rọra gba ẹ̀jẹ̀ ehoro gidi, n ó sì fi pààrọ̀ ti inú ìgò, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ọ̀sán ni Aurèle dé lórí ọ̀kadà zémìjan pẹ̀lú àpótí yìnyín, ó gbé ìgò náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e lọ sí Kútọnu láti pín in sí ìgò wẹ́wẹ́; ètò mi bá a lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá jókòó, wọ́n béèrè àkàsà àti ẹja díndín. Inú mi dùn débi pé mo sunkún lójú gbogbo èèyàn. N ó sì jẹ́wọ́ èyí náà: mo ń rìn kiri nílé bí ẹni tó ra ẹ̀mí wá lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ dókítà ilé ìwòsàn, mo ń rẹ́rìn-ín sínú pé wọn kò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó fìdí rẹmi nínú BEPC lẹ́ẹ̀mẹta ti bá ikú ṣe orogún, ó sì ti borí.

Aurèle kó ìgò wẹ́wẹ́ náà padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlà wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà láàrin. Ó ní bóyá òun kò fọ̀ ọ́ tó, ó fọ̀ ọ́ sí i. Ó ní bóyá iyọ̀ ni, ó pààrọ̀ iyọ̀. Ó ní bóyá omi Sakété ni, ó lọ gbé omi wá láti Kútọnu. Ọ̀sẹ̀ kan di méjì, méjì di mẹ́fà. Ọ̀gá òkè òkun kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀gbin ni èsì àkọ́kọ́ yẹn náà, pé òun kò lè buwọ́ lu iṣẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe. Ojú ọmọ náà wọnú. Ní gbogbo ìgbà yìí, ehoro tó yẹ kó ti kú ń jẹ ewé nílé rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Grâce, ó ń sanra. Èmi ṣì ń kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n mo ń wo ẹ̀yìn kí n tó kúnlẹ̀.

Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Kò sí àwáwí. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń sọ pé n ó sọ ọ́, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń rí ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ òní. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá, mo sì ń ronú pé ogún ọdún ṣì jìnnà.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Aurèle wá jókòó sórí àpò oúnjẹ níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ní òun ti pinnu, ní ọjọ́ Ajé òun á sọ fún Dókítà pé òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun á padà sí Àjàṣẹ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ń gbálẹ̀, n kò gbójú sókè.

Ó ní, "Tantí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ tó dáa lẹ fún mi. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fọ́ àwo aláwo. Ọmọ tí mo fi irọ́ mi pa lára ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Mo ní kó dìde, kí a jọ lọ bá Dókítà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì: ibà, kàlẹ́ńdà, káàdì, ìgò.

Aurèle dìde. Ó jáde lọ dúró sí ìta, ó sì pẹ́ kó tó wọlé. Dókítà ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wá bi mí pé ehoro wo ló wà láàyè. Mo ní Bàbá ni. Ó ní Bàbá wo. Mo la ẹnu, orúkọ náà dé orí ahọ́n, ó jókòó síbẹ̀. Dókítà fi bíìkì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Tantí Edwige, ilé ọkọ lèmi náà wà, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n kayé labo ò mọ Bàbá. A máa fún ehoro yẹn ní abẹ́rẹ́ kan sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin lẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ sókè kí Aurèle kọ ọ́. Bí ẹ ò bá lè pè é, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Zacharie ló kọ́kọ́ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín náà ló pe Grâce wá, tí mo tún fi ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́ ọ dé ibi tí mo ti pààrọ̀ káàdì, ó dá mi dúró.

"Ìyàwó," ó ní, "èmi lo wá pa?"

Mo ní ehoro ni. Ó ní nígbà tó jẹ́ Bàbá, ehoro kọ́, ìgbà tó di èmi ló wá di ehoro. Títí di òní, bí mo bá bu oúnjẹ fún un, á wo inú àwo, á wò mí lójú.

Bàbá wà lórí àga wọn ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ń gbọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú pé orúkọ wọn wà lára ehoro tí wọ́n fẹ́ pa. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bóyá lóòótọ́ ni ọmọ Àjàṣẹ́ yẹn fẹ́ fi ìwé sílẹ̀. Mo ní lóòótọ́ ni.

Wọ́n fi orúkọ ọmọ mi pè mí, wọ́n ní, "Ìyá Mọ́rìnọ́lá, ikú tó bá mọ̀ mí, á mọ ilé mi. Kò ní wá mi lọ sílé ehoro. Lọ́jọ́ náà, n ó bá ọ lọ. Pè mí. Bí o bá ti gbọ́ tí mo dáhùn, o mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe mí."

Kí n tó dé ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fọkàn yín balẹ̀, nítorí èmi náà kì í fẹ́ràn kí wọ́n máa da ọkàn mi rú. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Aurèle tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta bí ọ̀gá rẹ̀ ti wí, ìlà kan ṣoṣo ló jáde lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ó pẹ́ tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì tọ́ sí mi. Ehoro tuntun tí a ní báyìí, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọjọ́ pé. Bàbá wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ń lọ sí ìpàdé, wọ́n gun zémìjan kan, èmi gun òmíràn, a dé labo ní aago mẹ́sàn-án. Dókítà kí wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì kan fún wọn sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí àlejò kì í wọ ibi tí à ń gbé gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì náà wò kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ní ẹni tó kàn án kò mọ iṣẹ́. Mo wọlé, mo wọ ẹ̀wù funfun, mo gbé ehoro náà sórí tábìlì. N kò kúnlẹ̀. Aurèle ṣí kayé, ó di bíìkì mú.

Ó bi mí ní orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá."

Kò kọ nǹkan kan. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú, ó kàn ń dúró. Ehoro náà gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi, mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Mo rántí Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ọwọ́ tó rù, ojú tí kò dá mi mọ̀. Ẹ̀rù yẹn tún dé. Mo mọ̀ pé bí n kò bá lè sọ ọ́, ọmọ yìí á padà sí Àjàṣẹ́, èmi ni mo sì lé e lọ.

"Àríyọ̀."

Ohùn mi jáde bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá fọhùn láti orí bẹ́ǹṣì, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń dáhùn nínú ilé wọn. Wọ́n ní, "Mo wà níbí."

Aurèle kọ ọ́. Òfin ni pé kí a tún pe orúkọ kí a tó gún abẹ́rẹ́ oorun. Mo pè é, wọ́n dáhùn. Mo gún un, ehoro náà rọra sùn, mo sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ku kí a pè é sórí ìgò. Mo gbé orí sókè, mo pe Àríyọ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá lọ sí Yoko lè gbọ́ ọ, n kò tilẹ̀ bẹ̀rù mọ́ pé ta ni yóò gbọ́.

"Mo wà níbí, ọmọ mi," ni Bàbá wí.

Mo so ìdérí mọ́ ìgò náà, mo gbé e fún Aurèle, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì jáde lọ bá wọn níta. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti ń pè mí tí mo ń dá wọn lóhùn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni èmi pè wọ́n, tí wọ́n sì dá mi lóhùn.